Àárẹ̀ Ọ̀nà àti Ohun Dáradára tí Ojú Ń Rí

Ẹ̀KỌ́ KẸRÌNLÁ

Kí á tó kàwé

Ta ni nínú yín ni ó ti rin ọ̀nà jíjìn rí? Ibo ni ẹ lọ? Nígbà tí ẹ dé ibẹ̀, báwo ni ara yín ti rí? Kí ni ẹ rí lọ́nà tí ẹ kò lè gbàgbé mọ́? Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ara yín.

Lónìí, a óò jọ rin ọ̀nà kan nínú ìwé. Ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ó sì dé Natitingou lẹ́bàá òkè Atakora. Àwọn ìlú àti àwọn òkè tí a dárúkọ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ awakọ̀ àti àwọn èrò inú ọkọ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́.

KÍKÀ

1. Kí ẹ tó jáde nílé

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ìparí oṣù kẹjọ ni a wà. Fóònù dún nílé yín. Ọmọ yín tí ń ṣiṣẹ́ ní Natitingou ni ó ń pè. Ìyàwó rẹ̀ ti bímọ. Ọ̀tunla ni wọn yóò sọ ọmọ náà lórúkọ, ẹ̀yin ni wọ́n sì ń dúró dè. Bí ẹ kò bá dé, ta ni yóò pe orúkọ ìdílé sí ọmọ náà létí?

Láti Kútọnu dé Natitingou lé ní kìlómítà 500. Bí ẹ bá kúrò ní Àjàṣẹ́ ní agogo 5 òwúrọ̀, ilẹ̀ lè ṣú kí ẹ tó dé. Ọ̀nà tí ó jìn tó báyìí, a kì í kàn dìde lọ. Ẹ múra sílẹ̀.

Ẹ tètè sùn ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ẹ má fi gbogbo òru di ẹrù. Ẹ di ẹrù ní ọ̀sán.

Ẹ gbé omi mímu dání nínú ìgò tí ó mọ́. Àwọn mìíràn kì í mu omi lọ́nà, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ máa yọ awakọ̀ lẹ́nu nítorí ìtọ̀. Èyí kò dára. Ẹni tí kò mu omi nínú ooru, orí yóò máa fọ́ ọ, ara rẹ̀ yóò sì rọ.

Ẹ wọ aṣọ tí kò fún ara àti bàtà tí kò fún ẹsẹ̀. Ẹ jẹun díẹ̀ kí ẹ tó jáde. Ikùn tí ó kún jù àti ikùn tí ó ṣófo, méjèèjì ni í mú kí èébì máa gbé ènìyàn nínú ọkọ̀.

Ẹ kọ orúkọ yín àti nọ́ńbà fóònù ẹni tí ẹ ń lọ bá sí ìwé pélébé, kí ẹ sì fi sí àpò. Ẹ̀yin náà ti mọ ìwé kọ báyìí. Fóònù lè kú, ṣùgbọ́n ìwé kì í kú.

2. Láti Àjàṣẹ́ dé Ìdáàṣà

Ọkọ̀ gbéra. Èrò kún inú rẹ̀. Ibi tí ó yẹ kí ènìyàn 3 jókòó, ènìyàn 4 ni ó wà níbẹ̀. Orúnkún yín kan ìjókòó iwájú. Ẹ mú un mọ́ra.

Ẹ kọjá Kútọnu nígbà tí ojúmọ́ ń mọ́. Ẹ kọjá Calavi àti Allada. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa, igi ọ̀pẹ pọ̀ níbẹ̀ bíi ti ìhà Sakété àti Pobè. Lẹ́yìn Allada, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀ sì di dúdú. Ẹ ti dé àfonífojì Lama nìyẹn. Èdè Potogí ni a ti mú orúkọ yìí. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni ẹrẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fi ẹsẹ̀ rìn níbẹ̀ lásìkò òjò mọ̀ pé orúkọ náà bá a mu.

Ẹ wo ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹ ó rí òkúta kékeré tàbí pátákó tí a kọ orúkọ ìlú àti nọ́ńbà sí. Nọ́ńbà náà ni ó ń sọ iye kìlómítà tí ó kù. Ẹ kà á: Bohicon, 30. Ẹ tún rí òmíràn: Bohicon, 20. Nígbà kan, bí ẹ bá ń lọ sí ìrìn àjò, ẹ máa ń bi awakọ̀ pé: "Ó kù tó mélòó?" Ó lè dá yín lóhùn, ó sì lè má dá yín lóhùn. Nísinsìnyí, ọ̀nà fúnra rẹ̀ ni ó ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọmọdé tí ó jókòó lẹ́bàá yín rí i pé ẹ ń kà á. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ̀yin méjèèjì wá ń díje: ta ni yóò kọ́kọ́ rí òkúta tí ó ń bọ̀?

Lẹ́yìn Bohicon, igi ọ̀pẹ dínkù. Igi osè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ó ga, ó sì sanra. Ní ọ̀kánkán, ẹ rí ohun dúdú kan bí àwọsánmà. Kì í ṣe àwọsánmà. Òkè ni. Ẹ ti ń dé Ìdáàṣà, ìlú àwọn Ìdáàṣà tí èdè wọn jọ tiwa. Àwọn ènìyàn ní òkè 41 ni ó wà níbẹ̀. Òkúta líle ni wọ́n, àwọn mìíràn pá bí orí àgbà. Ibẹ̀ náà ni ihò àpáta Arigbo wà, níbi tí àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì ń wá gbàdúrà ní oṣù kẹjọ lọ́dọọdún.

Ní Ìdáàṣà, ọ̀nà pín sí méjì. Èyí tí ó gba ọwọ́ ọ̀tún lọ sí Glazoué, ó kọjá lórí odò Wẹ̀mẹ̀, ó dé Ṣábẹ̀ẹ́ àti Pàràkú. Èyí tí ó gba ọwọ́ òsì lọ sí Savalou, Bantè, Bassila àti Djougou. Ọkọ̀ yín yà sí ọwọ́ òsì.

3. Àárẹ̀ dé

Ní Savalou, iṣu tuntun wà ní ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n tò ó bí igi ìdáná. Ìlú yìí ni wọ́n ti ń ṣe ọdún iṣu tuntun ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ. Laboko ni orúkọ iṣu tí gbogbo ènìyàn ń wá, nítorí pé iyán rẹ̀ dùn púpọ̀. Ẹ rí i, ṣùgbọ́n ojú yín kò rí i dáadáa mọ́. Ó ti rẹ̀ yín.

Ẹsẹ̀ yín wú, bàtà fún un. Ẹ̀yìn ń dùn yín. Oòrùn ń ràn láti ojú fèrèsé. Ọmọ kan ń sunkún lẹ́yìn. Ẹnìkan ń bínú pé wọ́n tẹ ẹrù òun mọ́lẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń ṣàwàdà ní òwúrọ̀ ti dákẹ́. Àárẹ̀ ń mú kí ọ̀rọ̀ kékeré di ìjà. Bí ẹnìkan bá sọ̀rọ̀ líle sí yín ní irú àkókò yìí, ẹ fi yé ara yín pé kì í ṣe òun ni ó ń sọ̀rọ̀. Àárẹ̀ ni.

Ọkọ̀ kọjá Bantè, ní ilẹ̀ àwọn Ìcà. Agogo 2 ọ̀sán ti lù. Ìyá kan jókòó lẹ́yìn awakọ̀. Ó ń wo dígí kékeré tí ó wà lókè orí awakọ̀. Ó rí ojú awakọ̀ nínú dígí náà. Ojú náà ń pa dé.

Ìyá náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé: "Ọmọ mi, ṣé kò sí o?"

Awakọ̀ jí gìrì. Ó ní: "Kò sí nǹkan, Màmá."

Ọkọ̀ tún sáré díẹ̀. Táyà ọwọ́ ọ̀tún bọ́ sínú iyanrìn ẹ̀bá ọ̀nà. Ọkọ̀ mì. Awakọ̀ tún un ṣe. Ìyá náà wá gbé ohùn sókè: "Ọmọ mi, dúró! O ń tòògbé."

Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn dáhùn pé: "Màmá, ẹ fi í sílẹ̀ kí ó wa ọkọ̀ rẹ̀. A fẹ́ tètè dé. Èmi ní ọjà tí mo fẹ́ já."

Ẹlòmíràn ní: "Ọjọ́ tí ó ti ń wa ọkọ̀ kì í ṣe òní. Kò lè ṣe wá ní nǹkan kan."

Àwọn tí ó kù dákẹ́. Ẹ̀yin náà wà nínú ọkọ̀ yìí. Ẹ̀yin náà ń kánjú. Ọ̀la ni ìkómọ. Kí ni ẹ óò ṣe?

Ẹ dúró díẹ̀ níbi tí ẹ ń kà yìí. Kí olúkúlùkù sọ ohun tí òun yóò ṣe.

4. Abẹ́ igi òrí

A kò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín. Ẹ gbọ́dọ̀ ti ìyá yìí lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ẹnìkan, awakọ̀ lè fi ọwọ́ gbá a nù. Ọ̀rọ̀ ẹni méjì di ọ̀rọ̀ gbogbo ọkọ̀. Ẹ sọ pé: "Òótọ́ ni Màmá wí. Ọ̀gá awakọ̀, a bẹ̀ ọ́, wá ibì kan kí o sinmi díẹ̀. Àwa yóò dúró dè ọ́. Orí gbogbo wa ni ó wà lọ́wọ́ rẹ."

Ẹ má bú u. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ẹni tí a bá bú níwájú èrò yóò fẹ́ fi hàn pé òun jẹ́ ọkùnrin. Ẹni tí a bá bẹ̀ yóò gbọ́.

Awakọ̀ wá ibi tí ọ̀nà gbòòrò, ó dúró. Ó ní: "Ẹ má bínú. Àná ni mo ti Natitingou sọ̀ kalẹ̀, òru ni mo sì dé. N kò sùn ju wákàtí méjì lọ." Ó dùbúlẹ̀ sí abẹ́ igi òrí kan. Kí ẹ tó ka ení dé èjì, ó ti sùn.

Ẹ̀yin sọ̀ kalẹ̀. Ẹ na ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú iṣan yín. Atẹ́gùn ń fẹ́. Òjò ti rọ̀ níbẹ̀ ní àárọ̀, koríko tutù, ó sì ń ta sánsán. Nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, ẹ kò mọ̀ pé òórùn kan wà níta yàtọ̀ sí ti epo ọkọ̀.

Obìnrin kan ń sun iṣu ní ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹ kò mọ èdè tí ẹ óò fi kí i. Agbègbè Bassila ni ẹ wà, ẹ ti jìnnà sí ilé. Obìnrin náà gbé ojú sókè, ó sì ní: "Ẹ kú ọ̀nà o!"

Ẹnu yà yín. Ohùn rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí tiyín, àwọn ọ̀rọ̀ kan sì yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ! Ará Manigri ni. Èdè àwọn ará Manigri jọ ti àwọn ará Kambolé ní Togo, gbogbo wọn sì jẹ́ ẹbí èdè wa. Ẹ jókòó. Ẹ bi í pé: "Kí ni ẹ̀yin ń pe èyí?" Ó sọ fún yín. Ẹ sọ ohun tí ẹ̀yin ń pè é ní Àjàṣẹ́. Ẹ̀rín sọ. Ọkùnrin tí ó ní òun fẹ́ já ọjà ra iṣu sísun, ó bù ú, ó sì na díẹ̀ sí ìyá tí ó bá wí. Ọmọ tí ń sunkún ti ń sáré lẹ́yìn adìẹ.

Awakọ̀ sùn fún ìṣẹ́jú 30. Ó jí, ó bọ́jú, ó mu omi, ó rìn yí ọkọ̀ ká. Ojú rẹ̀ ti mọ́. Ó yí padà sí ìyá náà, ó ní: "Màmá, ẹ ṣeun."

5. Òkè Atakora

Ẹ dé Djougou, ẹ kò dúró pẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Copargo. Nítòsí ibẹ̀ ni àwọn òkè Tanéka wà. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kọ́ ilé wọn roboto sí ẹsẹ̀ òkè, wọ́n fi koríko bò ó, wọ́n sì da ìkòkò dé orí ṣóńṣó òrùlé kí omi òjò má baà wọlé. Ẹ rò ó wò: ìkòkò tí ẹ̀yin fi ń se ọbẹ̀, àwọn kan ti rí iṣẹ́ mìíràn fún un.

Oòrùn ti ń wọ̀. Àwọn òkè Atakora yọ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Èyí tí ó wà nítòsí dúdú bí ewé. Èyí tí ó jìnnà dà bí aṣọ aró. Ọ̀nà ń gun òkè, ó ń sọ̀, ó ń yí bí ejò. Kò sí ẹni tí ó ń sùn nínú ọkọ̀ mọ́. Gbogbo yín ń wo ìta. Bí awakọ̀ kò bá sinmi, ṣé ojú rẹ̀ ì bá gbé gbogbo yíyípo yìí?

Ẹ dé Natitingou ní alẹ́. Ẹ fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 pẹ́ ju bí ẹ ti rò lọ. Ọmọ yín ń dúró ní ibùdó ọkọ̀. Omi gbóná ti wà nílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ẹ gbé ọmọ titun lọ́wọ́, ẹ sì pe orúkọ rẹ̀. Ìṣẹ́jú 40 náà kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín.

Bí àyè bá wà lẹ́yìn ìkómọ, ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ sí ìhà Boukombé, ní ilẹ̀ Koutammakou. Ibẹ̀ ni àwọn Batammariba ń gbé. Ìtumọ̀ orúkọ wọn ni àwọn tí wọ́n mọ amọ̀ mọ dáadáa. Ilé wọn, tí àwọn èrò ń pè ní tata, dà bí ilé olódi kékeré. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́, ó sì ní àjà. Ẹran ọ̀sìn wà nísàlẹ̀, ènìyàn ń sùn lókè, àká ọkà sì wà lókè pẹ̀lú fìlà koríko lórí rẹ̀. Ilẹ̀ yìí bọ́ sí Togo, ó sì bọ́ sí Benin. Ní ọdún 2004, àjọ UNESCO kọ apá ti Togo sínú ìwé ohun ìní gbogbo ayé. Ní ọdún 2023, wọ́n fi apá ti Benin kún un.

Ẹ̀yin ará wa ní Atakpamé, ẹ̀yin náà ní ọ̀nà tiyín lọ síbẹ̀. Ó gba Sokodé àti Kara. Láàárín ìlú méjèèjì ni Alédjo wà, níbi tí wọ́n ti la àpáta sí méjì kí ọ̀nà lè gbà á kọjá. Ibẹ̀ dára wò, ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ dà gan-an. Búrékì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ti já níbẹ̀, títí wọ́n fi la ọ̀nà mìíràn tí ó yí òkè náà ká.

ÀLÀYÉ

Àárẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ

Ara ènìyàn ní wákàtí tirẹ̀. Oorun máa ń kun ènìyàn jù láàárín òru sí òwúrọ̀ kùtùkùtù, àti ní ọ̀sán láàárín agogo 2 sí 4. Alágbára kò yàtọ̀, ọ̀jáfáfá kò yàtọ̀. Àwọn onímọ̀ ti wò ó, wọ́n rí i pé ẹni tí kò sùn fún wákàtí 17 ń ṣe bí ẹni tí ó ti mu ọtí: ọwọ́ rẹ̀ kò yá, ojú rẹ̀ kò tètè rí nǹkan.

Báwo ni ẹ ṣe lè mọ̀ pé awakọ̀ ń tòògbé?
– Ó ń yán léraléra.
– Ó ń fi ọwọ́ nu ojú.
– Orí rẹ̀ ń ré sílẹ̀.
– Ọkọ̀ ń yà kúrò lójú ọ̀nà, ó sì ń padà.
– Ó ń sáré, lẹ́yìn náà ó ń rọra, láìsí ìdí.

Kí ni ó lè ràn án lọ́wọ́? Oorun nìkan ni. Orin rédíò kò tó. Atẹ́gùn ojú fèrèsé kò tó. Obì àti kọfí lè la ojú fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò san gbèsè oorun. Àwọn mìíràn ń lo oògùn tramadol tí wọ́n ń rà lọ́jà. Ẹ kìlọ̀ fún wọn. Oògùn ìrora ni, kì í ṣe oògùn àárẹ̀. Ó ń mú oorun wá, ó ń mú òòyì wá, ó sì ń sọ ènìyàn di ẹrú rẹ̀. Ọtí burú ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ìmọ̀ràn tí àwọn amòye ń fún awakọ̀ ni èyí: kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn wákàtí 2 kọ̀ọ̀kan. Bí oorun bá kun ún, kí ó dúró níbi tí kò léwu, kí ó sùn díẹ̀.

Ẹsẹ̀ ẹni tí ó jókòó pẹ́

Bí a bá rìn, ẹran ẹsẹ̀ ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Bí a bá jókòó lójú kan, ẹ̀jẹ̀ àti omi ara ń dúró sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ á sì wú. Bí ó bá ju wákàtí 4 lọ, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan àwọn ènìyàn kan. Aboyún, ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ àti arúgbó ni kí ó ṣọ́ra jù. Ẹ máa gbé gìgísẹ̀ sókè sódò nínú ọkọ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ rìn nígbà tí ọkọ̀ bá dúró.

Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá wú díẹ̀, tí ó sì fọn lẹ́yìn oorun, kò burú. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tí ó gbóná, tí ó sì ń dùn, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí èémí bá ń há ènìyàn tàbí àyà ń dùn ún lẹ́yìn ìrìn àjò, ẹ má dúró títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ gbé e lọ kíá.

Ẹni tí èébì ń gbé

Kí ó jókòó síwájú bí àyè bá wà. Kí ó wo ọ̀ọ́kán, kí ó má wo ilẹ̀, kí ó má sì kàwé nígbà tí ọkọ̀ ń sáré. Kí ó jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí òun. Ata ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu ń ran àwọn mìíràn lọ́wọ́.

ÌṢIRÒ

1. Ọkọ̀ kan ń sáré kìlómítà 90 ní wákàtí kan. Mítà mélòó ni ó ń sá ní ìṣẹ́jú àáyá kan?
Ẹ wò ó: kìlómítà 90 jẹ́ mítà 90 000. Wákàtí 1 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 3600.
90 000 ÷ 3600 = 25.
Ìdáhùn: mítà 25.

2. Bí awakọ̀ yìí bá di ojú fún ìṣẹ́jú àáyá 4 péré, mítà mélòó ni ọkọ̀ yóò sá láìsí ẹni tí ó ń wò ó?
25 × 4 = 100.
Ìdáhùn: mítà 100. Gígùn pápá bọ́ọ̀lù kan nìyẹn. Ẹ jáde síta, kí ẹ wọn mítà 100, kí ẹ sì wo bí ó ti jìn tó. Ẹ̀yin ni kí ẹ ṣe èyí tí ó tẹ̀lé e.

3. Ìrìn àjò kan gba wákàtí 10 lórí táyà. Awakọ̀ ń sinmi fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn wákàtí 2 kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi dé. Ìgbà mélòó ni yóò sinmi lọ́nà? Ìṣẹ́jú mélòó ni gbogbo rẹ̀?

4. Ẹ kúrò nílé ní agogo 5 òwúrọ̀. Ẹ dé ní agogo 7 àbọ̀ alẹ́. Wákàtí mélòó ni ẹ fi wà lọ́nà?

Ọ̀RỌ̀ TÍ Ó YẸ KÍ Á MỌ̀

Tòògbé: kí oorun máa kun ènìyàn tí ó jókòó, kí orí rẹ̀ máa ré sílẹ̀.
Àfonífojì: ilẹ̀ tí ó sọ̀ kalẹ̀ láàárín ibi gíga méjì.
Kìlómítà: mítà 1000.
Búrékì: ohun tí awakọ̀ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè dúró.
Àká: ibi tí a ń kó ọkà pamọ́ sí.

ÌBÉÈRÈ

1. Ní ìlú wo ni ọ̀nà ti pín sí méjì? Ibo ni ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lọ?
2. Kí ni ìyá náà rí nínú dígí?
3. Kí ni ìdí tí àwọn mìíràn kò fi fẹ́ kí ọkọ̀ dúró?
4. Kí ni ó ya yín lẹ́nu lọ́dọ̀ obìnrin tí ń sun iṣu?
5. Àmì mélòó ni ìwé yìí sọ pé a fi ń mọ awakọ̀ tí ń tòògbé? Ẹ ka mẹ́ta nínú wọn.
6. Ìgbà wo ni ẹsẹ̀ tí ó wú di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn?

Ẹ JẸ́ KÍ Á JỌ SỌ̀RỌ̀

Àwọn àgbà ní: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ǹjẹ́ ẹ rí òwe yìí nínú ìtàn ọkọ̀ yìí? Báwo ni ìyá náà ṣe fi ẹ̀sọ̀ sọ̀rọ̀, nígbà wo ni ó sì gbé ohùn sókè? Bí ó bá jẹ́ pé awakọ̀ kọ̀ láti dúró ńkọ́? Ẹ wá ohun tí èrò ọkọ̀ lè jọ ṣe.

IṢẸ́ ILÉ

Nígbà tí ẹ bá tún wọ ọkọ̀, ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù dání. Ibikíbi tí ọkọ̀ bá dúró, ẹ kọ orúkọ ìlú náà, ẹ sì kọ ohun kan ṣoṣo tí ẹ rí níbẹ̀ tí kò sí ní ìlú yín: igi, oúnjẹ, ilé tàbí ọ̀rọ̀ kan. Ẹ mú un wá kà fún wa ní kíláàsì. Ẹni tí kò lọ sí ibì kankan yóò gbọ́, òun náà yóò sì ti rìn.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹ lọ ire, ẹ bọ̀ ire. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lè bọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ń wà yín sùn.